Òpéléńgẹ́ Tí Mo Bá Nílé Ọkọ

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù karùn-ún

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí wọ́n tó fi mí síṣẹ́ aránṣọ, nítorí náà kíkọ mi ò dára. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ní ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ní Kumasi yìí. Ìwé ni mo fẹ́ máa sọ fún.

Kí n tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá mi kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni tí mo bá bá nílé ọkọ, ẹ̀gbọ́n mi ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, n kò gbọdọ̀ fi orúkọ pè é. Nígbà tí mo dé Aboabo, àdúgbò ọkọ mi, mo wò yíká. Àlhájà, ìyá ọkọ mi, ni mo bá. Ìkejì ni páálí gígùn kan tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì wa.

Òní ni ọkọ mi gbé e sọ̀kalẹ̀. Igi pẹlẹbẹ ló kún inú rẹ̀. Ó fúyẹ́ débi pé nígbà tí mo mí sí i, ọ̀kan fò bọ́ sílẹ̀. Ó ní ọkọ̀ òfurufú ni, òun fẹ́ tò ó pọ̀.

Mo ní, "Ta ni yóò wọ̀ ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ la ó dúró sí, rìmóòtù la ó fi máa darí rẹ̀."

Ohun tó ń lọ sókè láìgbé ẹnikẹ́ni, kí ló wá ń lọ ṣe lọ́hùn-ún? Mi ò bi í. Mo sọ ọ́ ní Òpéléńgẹ́, bí mo ṣe máa sọ àbúrò ọkọ tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, torí èmi ni mo bá a nílé.

Ọ̀gá Theophilus ní Ayigya ló fún un. Ọkọ mi ló bá a tún rìmóòtù rẹ̀ ṣe ní ìsọ̀ tó ti ń tún fóònù ṣe. Ọkọ̀ òfurufú kékeré bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá náà fi ń ya fọ́tò oko kòkó láti òkè. Ó ní tí ọkọ mi bá to èyí, tó sì fò lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù yìí, kó wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sásìkò, torí onílẹ̀ fẹ́ kọ́lé síbi ìsọ̀ fóònù, ó ti ní kí wọ́n kó kúrò. Alhaji Bákàrè, àbúrò Àlhájà, ń bọ̀ wá bá wa ṣe Iléyá. Tí Òpéléńgẹ́ kò bá fò, Alhaji á mú ọkọ mi padà sí Tamale kó lọ máa jókòó ti ìsọ̀ tó ti ń ta ike. Èmi á dúró ti Àlhájà.

Oṣù kan ni mo dé. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ọkọ mi fẹ́ ata púpọ̀ tàbí díẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń jẹ.

Mo fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Lẹ́tà kan ni mo kọ, ojú tì mí, mo pa á rẹ́.

Ọjọ́rú, 7

Bébà ńlá kan wà nínú páálí náà. Wọ́n ya Òpéléńgẹ́ sí i, bó ṣe máa gùn gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe yà á. Ọkọ mi tẹ́ ẹ sórí pákó, ó ń to igi lé ìlà rẹ̀, ó ń fi píìnì dè é mọ́lẹ̀, ó sì ń kán súpàgúlù sí i. Píìnì aránṣọ mi ni. Ó bi mí pé, "Ṣé mo lè yá a?" bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀.

Ó máa ń bá igi yẹn sọ̀rọ̀. "Dúró síbẹ̀." "Ó dáa, o ṣeun." Kò tíì bá èmi sọ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò mọ̀ bóyá Tamale ló ń sá fún tàbí ó kàn fẹ́ràn igi. Mi ò sì mọ̀ bóyá èmi wà nínú ìdí rẹ̀.

Sátidé, 10

Òjò. Kò sí iná. Tòmátì ti wọ́n, mẹ́ta péré ní sídì mẹ́wàá. Apá kan Òpéléńgẹ́ ti parí.

Ọjọ́ Ajé, 12

Apá kejì parí láàárọ̀ yìí. Nígbà tí ọkọ mi ń lọ sí ìsọ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí ewúrẹ́ wọlé tì í. Mo jókòó tì í, mo ń rán búláòsì Àlhájà. Mo gbójú sókè, mo wo apá méjèèjì. Nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu, mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ìgbà tí mo gbé apá búláòsì dání ni mo tó rí i.

Apá òsì méjì ni.

Apá kan ṣoṣo ni wọ́n yà sí bébà náà. Ó to àkọ́kọ́ lé e lórí, ó tún to ìkejì lé ojú kan náà. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ aránṣọ, tí ọ̀gá mi fi wọ búláòsì náà sí mi lọ́rùn, tó ní kí n rìn yí ọjà po.

Ìyàwó oṣù kan kì í sọ fún ọkọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dáa. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá sọ ọ́, Tamale nìyẹn. Mo wá bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀ títí ìrun Alásárì fi kọjá. Nígbà tó dé, mo ní, "Ẹ káàbọ̀," mo gbé ẹ̀bà fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Mo gé apá búláòsì méjì nínú àjákù aṣọ, òsì àti òsì. Mo rán wọn. Mo tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá Òpéléńgẹ́, mo wá lọ sẹ́yìn ilé lọ fọ abọ́ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọkọ mi wọ inú yàrá. Ó pẹ́. Ìgbà tó jáde, ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ apá búláòsì náà.

"Ìyàwó, kí ló dé tí èyí ò wọ̀ mí?"

Mo ní, "Òsì méjì ni."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Àná."

"Àná. O sì gbé ẹ̀bà fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí òkúta ìfọṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí Àlhájà fi yọjú wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó dákẹ́, ojú rẹ̀ wá rẹ̀wẹ̀sì. Igi mìíràn kò sí nínú páálí, súpàgúlù sì ti mú èyí tó wà, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 15

Akua ló yọ wá. Iwájú agboolé wa ló ti ń lẹ èékánná fún àwọn obìnrin. Inú agboolé yìí ni wọ́n bí i sí, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá ju bí mo ṣe gbọ́ Twi lọ. Ayeforo ló ń pè mí, ó ní ìyàwó tuntun ni.

"Ayeforo, kí ló ń ṣe Dókítà Fóònù? Ó kọjá lára mi bí ẹni tí adìẹ rẹ̀ kú."

Mo sọ fún un.

Ó ní, "Súpàgúlù? Nǹkan tí èmi fi ń jẹun ńkọ́? Wo bí a ṣe ń ṣí i." Ó mú ìgò omi kan tó ń rùn, ó fi òwú tọ́ ọ sí èékánná oníbàárà tó wà níwájú rẹ̀. Èékánná náà bọ́ sílẹ̀. Oníbàárà náà bínú, ó ní òun ò tíì ní kó bọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi ṣe jókòó láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Òun ń fi òwú tọ́ omi náà sí oríkèé igi, èmi ń fi abẹ ìtúṣọ mi yẹ̀ ẹ́. Igi méjì ṣẹ́, ìyókù jáde láàyè. Ó wá ku bébà tí kò ní apá ọ̀tún. Mo ní kó fi òróró pa á, kó dà á dé. Gbogbo ìlà rẹ̀ hàn lódìkejì.

Ó wò mí. "Ibo lo ti kọ́ ìyẹn?"

"Ibi tí mo ti rán òsì méjì."

Nígbà tó ń kán súpàgúlù, ó ní kí n bá òun di igi mú. "Dúró síbẹ̀," ó ní. Mo kọ́kọ́ rò pé igi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Ọ̀gá Theophilus wá wò ó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbàlagbà tó ga ni, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí a tó sọ fún un. Twi ló ń sọ, ọkọ mi ń túmọ̀. Ó gbé ẹ́ńjìnnì kékeré oníná àti bátìrì rẹ̀ wá. Ó yí Òpéléńgẹ́ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ó kàn ní ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá.

Lẹ́yìn tó lọ, Àlhájà fi oríkì pe ọkọ mi, ó ní, "Àkànní, àgbà bí èyí ló ń ṣeré ọmọdé?" Ṣùgbọ́n kó tó gbé omi fún ọ̀gá náà, ó ti lọ wé gèlè tuntun. Àlhájà kò yé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Àlhájà rán mi. "Lọ sọ́dọ̀ Malam lẹ́yìn mọ́sálásí, kó fún ẹ lómi wàláà. Sọ fún un pé ti Àkànní ni. Ó ti mọ ohun tí mo fẹ́."

Ohun tó fẹ́, kò sọ ọ́ fún mi, mi ò sì lè bi í. Malam ti kọ ọ́ sára wàláà kí n tó dé. Ó fọ̀ ọ́ sínú abọ́, ó rọ ọ́ sínú ìgò fún mi, omi náà dú díẹ̀. Hausa rẹ̀ pọ̀ ju Yorùbá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ èyí: kí ọkọ mi mu díẹ̀, kí wọ́n fi díẹ̀ pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìgbà tí mo padà, ọkọ mi ò sí nílé, Àlhájà ń sùn. Mo dúró ti Òpéléńgẹ́ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé kí ọmọ rẹ̀ rí iṣẹ́ gbà ni Àlhájà bẹ̀ fún, ó yẹ kí n pa á lára. Tó bá jẹ́ pé kó bá àbúrò òun lọ sí Tamale ni, kò yẹ kí n pa á rárá. Mo rò ó títí orí fi fọ́ mi. Níkẹyìn mo ní Bísímílláhì, mo pa apá ọ̀tún dáadáa, mo dá apá òsì sí. Mo fi omi tó kù pamọ́ sínú àpótí aṣọ mi.

Ọjọ́bọ̀, 22

Ọ̀rá pupa ni wọ́n fi ń bo igi rẹ̀, áyọ́ọ̀nù ló ń jẹ́ kó lẹ̀. Ọkọ mi gé tirẹ̀ bí apá ṣe mọ gẹ́lẹ́, kò kárí.

Mo ní, "Ẹ ò fi àyè rírán sílẹ̀."

Ó na sísọ́ọ̀sì sí mi, ó sún kúrò lórí àga. Èmi ni mo bo gbogbo rẹ̀, apá méjèèjì àti ìrù. Kò hunjọ níbì kankan. Ọkọ mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ rà á, ó ní, "Ó ń dán bí ara tòmátì." Bí tòmátì ṣe wọ́n tó yìí, mo gbà á bí ìyìn.

Ọjọ́ Àìkú, 25

Ọkọ mi gbé apá ọ̀tún lé tábìlì, ó ń mì bí àpótí ìjókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ó ti lọ́. Etí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká sókè ní ìpẹ̀kun. Òsì wà bó ṣe wà. Ó ní tó bá gbéra báyìí, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa fi yí dànù.

"Kò yé mi," ó ní. "Igi kan náà, súpàgúlù kan náà, ọ̀rá kan náà."

Ó yé mi. Ọ̀kan mu omi, ọ̀kan kò mu. Ohun tí kò yé mi ni bóyá igi ló kàn mumi tó fi lọ́, tàbí àdúà Àlhájà ló ti ń gbà, tí Tamale ti ń fà á. Mo wo ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé, 26

Kò jẹun. Mi ò sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 28

Láti àná ló ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, ó ń wá ibi tó ti ṣàṣìṣe. Ó ní ó jọ pé ọwọ́ òun kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, pé kí òun kúkú máa lọ ta ike. Mi ò lè wò ó mọ́. Mo gbé ìgò náà jáde, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Ó wá ní, "Kí ló dé tí o dá òsì sí?"

"Mi ò mọ̀ bóyá ti Tamale ni Àlhájà ní kí Malam ṣe."

"O ò sì fẹ́ kí n lọ sí Tamale."

Ilẹ̀ ni mo ń wò. Ó ní, "Èmi náà ò fẹ́."

Ó gba ìgò náà. "Malam ní kí n mu díẹ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Igi ti mu tiẹ̀. Kí n mu tèmi." Ó mu ún tán, ó nu ẹnu. Lẹ́yìn náà ó gbé apá tó lọ́ náà sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní ọ̀rá yẹn máa ń sún kì tó bá gbóná. Tí a bá yí apá náà sódì, tí áyọ́ọ̀nù kọjá lórí rẹ̀, bóyá ọ̀rá náà lè fà á padà sí títọ́.

Mo ní, "Bí kọ́là tó ti ká."

Ó ní òun ò mọ ti kọ́là. Àmọ́ ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Jímọ̀, 30

Láti àná ni wọ́n ti mú iná lọ. Dumsor ni wọ́n ń pè é níbí, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa parí. Ọ̀la ni a máa gbé Òpéléńgẹ́ lọ. Wọ́n ti kírun Jímọ̀ tán, kò sí iná, áyọ́ọ̀nù mi kàn wà nílẹ̀ bí òkúta. Ọkọ mi ti káwọ́ lérí.

Àlhájà wọlé, ó gbé nǹkan wúwo kan kalẹ̀. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni, irú èyí tó ní àkùkọ lórí ìdérí. Èédú inú rẹ̀ ti pọ́n.

Ó ní, "Èyí ni mo fi ń lọṣọ fún àwọn ènìyàn ní Tafo kí n tó bí ẹ, Àkànní. Ẹ sún kúrò lọ́nà."

Ọkọ mi ní, "Eré ọmọdé yìí náà ni, Àlhájà?"

"Eré ọmọdé ni. Ṣé o rí abiyamọ tó ń wù pé kí ọmọ ẹ̀ lọ sí Tamale? Ẹni tí kò bá níṣẹ́ ni mo ní kó lọ. Kí lẹ rò pé mo rán ìyàwó sí Malam fún?"

Ọkọ mi wò mí. Èmi wo áyọ́ọ̀nù.

Mo kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù ọ̀rá, ó yọ́ wàì. Mo fi aṣọ tútù nu ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo dúró, mo tún dán an wò. Ìgbà kẹta ló tó bó ṣe yẹ. Ọkọ mi di apá náà mú níhìn-ín, Àlhájà dì í mú lọ́hùn-ún, wọ́n rọra yí i sódì bí ẹni tó ń fún aṣọ tí kò fẹ́ kó ya. Mo ń fi áyọ́ọ̀nù kọjá lórí rẹ̀, ọ̀rá ń fà, ó ń dún wérewère. Ọwọ́ Àlhájà fẹ́ sún.

"Ẹ dúró síbẹ̀," mo ní. Ìyá ọkọ mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó dúró síbẹ̀.

A gbé e lé tábìlì. Kò mì.

Sátidé, 31

Pápá bọ́ọ̀lù kan ni, lẹ́yìn Ayigya. Òjò àná ti dá, oòrùn mú. Àwa mẹ́rin la lọ: Ọ̀gá Theophilus, ọkọ mi, èmi, àti Àlhájà tó ní òun kàn fẹ́ gba atẹ́gùn.

Ọ̀gá fi ìka tọ apá ọ̀tún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó bi ọkọ mi ní nǹkan. Nínú ohun tí ọkọ mi fi dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ kan tí Akua ti kọ́ mi ni mo gbọ́: me yere. Ìyàwó mi.

Ọwọ́ méjèèjì ọkọ mi ló máa wà lára rìmóòtù, nítorí náà ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ ju Òpéléńgẹ́ sókè. Ọ̀gá nawọ́ sí mi. Mo gbé e lọ sí òdìkejì pápá. Ẹ́ńjìnnì ń ké létí mi, ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Mo sáré, mo jù ú.

Ó lọ. Kò yí dànù. Ó gba orí ilé ìwé, ó yí padà, ó tún yí lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti ń sunkún, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wọ inú oòrùn.

Ọkọ mi ń ṣẹ́jú, ó ń wá a kiri ojú ọ̀run. Ọ̀gá fọwọ́ ṣíji bojú, òun náà ń wá a. Níbi tí mo wà, ẹ̀yìn mi ni oòrùn wà, èmi ń rí i. Ó ti dorí kọ wáyà iná. Mo ké, "Ẹ gbé e sókè!" Kò gbọ́. Mo ké, "Ọkọ mi!" Kò gbọ́.

Ni mo bá pe orúkọ rẹ̀. Gbogbo ẹnu ni mo fi pè é.

Ó yíjú sí mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì bí apá, mo tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kúrò níbi wáyà. Ó ń wò mí, ìka rẹ̀ ń rìn lórí rìmóòtù. Mo gbé ọwọ́ sókè, Òpéléńgẹ́ gòkè. Mo rọra ń bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Kò wo òkè rárá mọ́, èmi ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe mú un wálẹ̀, ó kọjá pápá, ó bọ́ sínú oko ẹ̀gẹ́ tó wà létí rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́.

Ọ̀gá Theophilus mú un jáde láàárín ẹ̀gẹ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ mi túmọ̀ ohun tó sọ: "Ó ní òun ní kó fò. Òun ò ní kó mọ ọ̀nà ilé. Ọjọ́ Ajé, aago méje." Ọ̀gá tún sọ nǹkan, ó ń wò mí. "Ó ní òun ní apá mẹ́rìnlá ní ṣọ́ọ̀bù tó ń dúró de ọ̀rá. Ó ní ṣé o máa wá?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu mi ti ṣiṣẹ́ tán fún ọjọ́ náà.

Nígbà tí a ń lọ wọ ọkọ̀ trotro, Àlhájà ní, "Ìyàwó, etí mi gbọ́ nǹkan kan lórí pápá." Mo kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Dìde, ẹrẹ̀ ni. Èmi náà pe ti bàbá rẹ̀ rí, lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tí iná mú ìsọ̀ wa ni."

Jímọ̀, 6 oṣù kẹfà

Iléyá. Alhaji Bákàrè dé, ó jẹ ẹran, ó ní òun nìkan lòun á padà sí Tamale lọ́la. Kò bínú. Ó ní ta ló ń ra ike báyìí.

Nígbà tí a ń jẹun, ọkọ mi dìde, ó lọ bu ata gígún, ó dà á kún ọbẹ̀ rẹ̀, ó rò ó pọ̀. Oṣù méjì ni mo ti ń fún un ní ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ kò tó.

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

Ó ní, "Ojú ló ń tì mí."

Mo jókòó, mo ń wò ó. Òun náà? Mo rò pé èmi nìkan ni.

Nígbà tí Àlhájà bọ́ síta, ó ní kí n pe orúkọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo la ẹnu, kò jáde. Ó ní, "Àbí ó dìgbà tí nǹkan bá tún fẹ́ já bọ́?" Mo fi ìborùn bojú.

Ó ti jáde lọ kí àwọn ará agboolé kú ọdún. Mo ṣí ìwé yìí sí ojú ewé àkọ́kọ́, ibi tí mo ti pa lẹ́tà kan rẹ́. Mo kọ ọ́ síwájú rẹ̀, mo kọ ọ́ pé.

Lúkmàn.